Ọkọ̀ Ńlá Kọ́ Ló Ń Jẹ Epo

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpéjọ wa ọlọ́dọọdún ní Òkìtìpupa

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni wọ́n fẹ́ gbọ́, torí iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo kọ́ ní Poly Ọ̀wọ̀, òun náà ni mo ṣì ń ṣe jẹun. Wọ́n ní rárá o, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni kí n sọ. Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ìpéjọ èṣí, lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n jókòó síbí, wọ́n sì ń wò mí bí ìgbà tí n kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó ìfẹ̀yìntì mi ti jáde. Mo fẹ́ ra mọ́tò. Láti ìgbà tí ìyá yín ti ṣubú, kò lè jókòó sínú ọkọ̀ akérò mọ́. Eegun ìbàdí ni. Oṣooṣù la sì ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ ọkọ̀ tó fẹ̀, tó rọ̀, tí ò ní máa jù ú sókè sódò. Ṣùgbọ́n epo ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọkọ̀ ńlá yóò jẹ mí run." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè rà á o. Tí mo bá ṣì í rà, ó parí nìyẹn."

N kò lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ti ṣì í rà rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní 2021, mo bá ẹnì kan ṣe iṣẹ́ ìwé ńlá kan, owó gidi sì wọlé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo dé. Mo ra tòkunbọ̀ ńlá kan ní Èkó, plọ́ọ̀gì mẹ́fà, ìjókòó aláwọ, ó dúdú, ó ń dán. N kò ní sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, n kò sì ní sọ ẹni tó tà á fún mi. Gbogbo owó ọwọ́ mi ni mo kó lé e, kò ku kọ́bọ̀ tí mo lè fi pààrọ̀ táyà kan. Mo gbé e wá sí ìpéjọ wa, ẹ̀yin kan sì fara tì í, ẹ ya fọ́tò. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò rántí.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mẹkáníìkì kan tú u, ó yọ nǹkan rìbìtì kékeré kan tó ní sípíríìǹgì láàárín, ó jù ú sínú gọ́tà. Ó ní, "Ọ̀gá, ti ibi òtútù nìyí. Àwọn òyìnbó ló ń lò ó. Ilẹ̀ tiwa ti gbóná tẹ́lẹ̀." Mo ní ó ṣeun. Lóòótọ́, ọkọ̀ ò gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Mo rò pé bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà náà, lítà epo kan kò tíì tó igba náírà nílé epo, mo ń fara dà á.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 dé, Ààrẹ Tinubu sọ lórí pèpéle ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù Keje tó parí, a ti rí ilé epo tó ń ta lítà kan ní 617 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Mo fi tapólì bo mọ́tò mi, mo ń wọ ọkọ̀ akérò lọ síbi iṣẹ́.

Lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ 2023, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Òkìtìpupa. Aago mọ́kànlá ti lù. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti gòkè, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo sáré jáde, mo ká tapólì. Ọwọ́ epo wà nílẹ̀ pátápátá. Mo ka owó tó wà lápò mi. Tí mo bá fi gbogbo rẹ̀ ra epo, kò lè gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dé Orè, ká tó wá sọ Òkìtìpupa. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi tó ń dán, mo ń retí ìdájí kí n lọ sí gáráàjì. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, Màmá yè é, wọ́n wà nílé báyìí, púpurú tí wọ́n tẹ̀ ni mo jẹ kí n tó wá síbí láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òru yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ mọ́tò wò sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ́ńjìnnì yín tutù jù." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wá ṣàlàyé. Nǹkan rìbìtì tí wọ́n yọ dànù yẹn, thermostat ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, ìgbà tí omi bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 ni ó máa ń ṣí. Oòrùn Ìkálẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ju ìwọ̀n bí 30 sí 35 lọ. Níbo ni 35 ti bá 82 pàdé? Tí kò bá sí thermostat, omi yóò máa yí kiri láìdúró, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ló ṣì ń ṣe, yóò sì máa da epo sí i. Ohun tó mú kó gbóná látilẹ̀wá, fáànù rádíétọ̀ tó ti rẹ̀ ni. A pààrọ̀ fáànù, a dá thermostat padà, a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan lára ẹ̀gbáńṣọ̀ọ̀tì, a tú bíréékì ẹ̀yìn kan tó ti di mọ́ táyà. Ọkọ̀ kan náà tó ń rin kìlómítà 6 lórí lítà kan wá ń rin 8 àti ààbọ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀, kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ ra epo kún táńkì títí ẹ̀rọ yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ máa lò ó lọ. Nígbà tó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ tún rà á kún bákan náà, ẹ wo iye lítà tó wọlé. Ẹ fi iye lítà yẹn pín kìlómítà tí ẹ ti rìn. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, máìlì ló máa ń kà, ẹ sọ ọ́ di kìlómítà: máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, olùkọ́ ìṣirò wa wà níjòókòó, wọn yóò bá mi tún un ṣe tí mo bá ṣì í. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń wọn epo tí ọkọ̀ tuntun ń jẹ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Toyota Camry 2005, èyí tí àwa ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì plọ́ọ̀gì mẹ́rin tó jẹ́ 2.4: tí a bá pa ìrìn ìgboro àti ìrìn títì pọ̀, ó ń rin kìlómítà bí 10 lórí lítà kan. Big Daddy kan náà, plọ́ọ̀gì mẹ́fà: bí 9. Ká ní láti Èkó dé Òkìtìpupa, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ kìlómítà 500. Ká sì ní lítà epo jẹ́ 1,000 náírà, kí ìṣirò lè rọrùn. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin yóò jẹ lítà 50, owó rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà yóò jẹ bí 56, owó rẹ̀ jẹ́ 56,000. Ọkọ̀ aláìsàn tèmi tó ń rin 6 ńkọ́? Lítà 83. Owó rẹ̀ jẹ́ 83,000.

Ẹ wo ibi tí owó ti ń jò. Láàárín ọkọ̀ kékeré inú àti ọkọ̀ ńlá inú, 6,000 náírà ló wà. Láàárín ọkọ̀ tí ara rẹ̀ yá àti èyí tó ń ṣàìsàn, ó lé ní 25,000. Gbogbo wa ń sá fún ọkọ̀ ńlá, a sì ń gun àìsàn kiri ìgboro.

N kò sọ pé plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti mẹ́fà jẹ́ ọgbọọgba o. Nínú ìgboro, níbi tí ẹ ti ń dúró tí ẹ ń lọ, ìyàtọ̀ wọn pọ̀ ju ti títì gbọọrọ lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ọjà àti ilé ìjọsìn nìkan ló ń gbé ọkọ̀ lọ, kó ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ìtura wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká padà sí ọgbà ilé ìwé wa díẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí Peugeot 504 tí ọ̀gá àgbà wa ń gùn, tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì. Àwọn olùkọ́ kan ń gun Volkswagen ìjàpá, àwọn yòókù ń fẹsẹ̀ rìn. Ọjọ́ tí ọmọ kíláàsì wa kan já bọ́ láti orí igi àgbálùmọ̀ tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, 504 yẹn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lẹ́yìn, tí ọ̀gá àgbà fúnra wọn wà á lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà wà láàárín wa níbí. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Ó sọ fún mi lánàá pé ohun tí òun rántí ni pé ọ̀nà kò gbo òun.

Wọn ò ṣèèṣì ṣe 504 bẹ́ẹ̀. Ní 1968 ló jáde nílẹ̀ Faransé, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.74. Sípíríìǹgì rẹ̀ rọ̀, ó sì ní àyè láti lọ sókè wá sílẹ̀. Etí táyà rẹ̀ nípọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí a mọ̀ níbí sì jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin péré, kò ju lítà méjì lọ. Ara ńlá, inú kékeré. Àwọn bàbá wa ti rí ìdáhùn yìí kí wọ́n tó bí èmi. Kàdúná kò ṣe 504 mọ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta tó mú kó rọ̀ ni kí ẹ ṣì máa wá lára ọkọ̀ mìíràn: kí ẹsẹ̀ iwájú jìnnà sí ti ẹ̀yìn, kí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìǹgì rẹ̀ dára, kí etí táyà rẹ̀ ga. Ìjókòó aláwọ kò sí níbẹ̀. Awọ gan-an a máa jóni ní ìdí lọ́sàn-án Òkìtìpupa tí AC kò bá ṣiṣẹ́.

Big Daddy jẹ́ mítà 2.72. Èyí tó tẹ̀lé e, tí a ń pè ní Muscle, tó jáde láti 2007 dé 2011, jẹ́ 2.78. Avalon láti 2005 sí 2012 gùn jù wọ́n lọ, 2.82, ibi ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí pálọ̀. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà nìkan ló wà fún un, 3.5, síbẹ̀ tó bá dé títì tó dán, kìlómítà bí 12 ló ń rìn lórí lítà kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n Amẹ́ríkà. Nínú ìgboro, bí 8. Tí owó yín bá ká a, tí ẹ sì rí èyí tó dára, ẹ má jẹ́ kí orúkọ plọ́ọ̀gì mẹ́fà lé yín sá. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé kò pọ̀ níta bíi Camry, ẹ lè wá páàtì ara rẹ̀ dé Èkó.

Ẹ ṣọ́ra fún Muscle 2007 sí 2009 tó jẹ́ 2.4. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mu ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, Toyota fúnra wọn sì gbà ní Amẹ́ríkà láti tún un ṣe fún àwọn tó rà á. Èyí tó jáde ní 2010 àti 2011 ní ẹ́ńjìnnì 2.5 tuntun, ó ń rin bí 11 lórí lítà, òun ni èmi ìbá yàn nínú gbogbo wọn tí owó bá wà. Ti Honda Accord, gbogbo yín mọ orúkọ ìnagijẹ wọn: End of Discussion ni ti 2003 wá sókè, Evil Spirit ni ti 2008 dé 2012. Ẹlẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ díákónì ní òun ò lè gbé Evil Spirit wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó fẹ̀ ni, Amẹ́ríkà kà á sí ọkọ̀ ńlá, plọ́ọ̀gì mẹ́rin rẹ̀ kò sì jẹun jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ra End of Discussion plọ́ọ̀gì mẹ́fà láìyẹ gíà rẹ̀ wò dáadáa. Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí irú gíà yẹn.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ. Báàgì afẹ́fẹ́ tó wà nínú sítíá, tó ń tú jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe púpọ̀ nínú wọn fún oríṣiríṣi ọkọ̀, Accord pọ̀ níbẹ̀ láti 2001. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń ba oògùn inú wọn jẹ́ bí ọdún ti ń lọ, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá tú, ó lè fọ́n irin sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Èèyàn ti kú nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ooru àti ọ̀rinrin! Ibo ló tún ní èyí tó àgbègbè wa, láti Ìrèlè dé Igbókọ̀dá? Nọ́ńbà ṣáṣíìsì ọkọ̀ ni ẹ ó fi wádìí bóyá wọ́n ti pè é padà àti bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí fóònù kí ẹ tó sanwó.

Nọ́ńbà ṣáṣíìsì yẹn, mẹ́tàdínlógún ni, lẹ́tà àti fígọ̀ lápapọ̀. Tí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. J ni ti Japan, W ni ti Jámánì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 5 jẹ́ 2005, 7 jẹ́ 2007, A jẹ́ 2010. Tí ẹni tó ń tà á bá ní 2007 ni, tí ẹ sì rí 5 níbẹ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ara gíláàsì iwájú, ẹ wo ti ara ilẹ̀kùn, ẹ wo ti inú ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé, tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Orè, ẹjọ́ tí ẹ ó rò kò ní tán.

Ti omi ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012, Harvey ní 2017, gbogbo wọn ri ọkọ̀ púpọ̀ sínú omi ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n tà á sí òkè òkun kò mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ dàgbà létí òkun lọ́hùn-ún mọ ohun tí omi iyọ̀ ń ṣe sí páànù. Ohun náà ló ń ṣe sí wáyà inú mọ́tò. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, ẹ wo bóyá ẹrẹ̀ ti fi ìlà sí i. Ẹ tẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo irin tí ìjókòó ń gùn bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù, ibi táyà àpamọ́, ẹ wo bóyá iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ jókòó sínú rẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbóòórùn. Tí lọ́fínńdà bá pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, mo máa ń fura.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹni tó ń tà á má tíì tan án. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ní ohun tí wọ́n ń bò. Ọkọ̀ tutù ni kì í lè purọ́. Tó bá jẹ́ èéfín búlúù ló jáde nígbà tí wọ́n tan án, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá jẹ́ funfun tí kò lọ bọ̀rọ̀, omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ bi í bóyá thermostat wà níbẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ìdáhùn. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí olùtajà yóò pè láti òdìkejì ọ̀nà. Ẹ gbé e gba ọ̀nà tí kò dára, kí ẹ pa rédíò, kí ẹ gbọ́ ohun tí ṣọ́ọ̀kì ń sọ. Ọ̀nà tí kò dára kò wọ́n wa. "Ó le kú, ìjà Orè," àwọn kòtò kan lójú ọ̀nà wa jọ ibi tí wọ́n ti ja ìjà 1967 yẹn gan-an.

Táyà náà, ẹ wo fígọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn nọ́ńbà ara rẹ̀. Tí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Ó ti darúgbó, bó ti wù kó dúdú tó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi: nínú owó mẹ́ta tí ẹ bá ní, méjì ni kí ẹ fi ra ọkọ̀, kí ẹ fi ẹyọ kan pamọ́ fún títún un ṣe. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ tó ga yóò máa fi epo san gbèsè àtúnṣe tí kò ṣe. Èmi san án fún ọdún méjì.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí olùkọ́ wa rà. Wọ́n fẹ́ràn Muscle, mo mọ̀, wọ́n ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún mi. A ṣírò owó, a rí i pé Muscle yóò gbé e tán láìku ẹyọ kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má ṣe bíi tèmi." Wọ́n bínú díẹ̀. Níkẹyìn, Big Daddy 2005, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, tí ẹnì kan ṣoṣo ti lò ní Àkúrẹ́, la rà. Àwọ̀ rẹ̀ kò wu èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ó jọ àwọ̀ ẹ̀kọ tó ti tutù. Owó tó kù la fi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táyà tuntun mẹ́rin, thermostat, ọ́ìlì gíà, àti nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn. A ra tìmùtìmù kan tó le díẹ̀ fún ìyá wa kí wọ́n máa fi sábẹ́ ìbàdí.

Oṣù kẹsàn-án rèé. Olùkọ́ wa ní ìwé kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gba máàkì wa nígbà náà, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, kìlómítà, lítà, owó. Wọ́n fi í hàn mí láàárọ̀ yìí. Ó wà láàárín 9 àti 10 àti díẹ̀, àyàfi oṣù kan tó lọ sí 7, tí wọ́n fi bírò pupa yí i po. Wọ́n ní inú oṣù yẹn ni bíréékì kan dì mọ́ táyà, àwọn sì tètè mọ̀ nítorí ìwé náà.

Ìyá wa náà wà níbí. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè bí ìrìn náà ṣe ń rí, wọ́n ní àwọn sùn láti Oǹdó dé Orè.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni mo fi wà nílé. Ẹni tó bá ti ń wo ọkọ̀ kan, kó wá bá mi kí aago mẹ́fà tó lù ní àárọ̀, ká lọ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí wọ́n tó tan án.